Ilẹ̀ Etíkun Tí Ẹgbẹ́ Wa Ní Kabba Fẹ́ Rà: Bí A Ṣe Yẹ Ìgbì Òkun Wò Kí Owó Tó Jáde

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Kabba kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó ńlá. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù níbẹ̀, lẹ́yìn wọn àwọn tó ń ṣe kajú, àwọn ìyá ọlọ́jà, àti àwa díẹ̀ tí a ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Owó tí a ti ń dá jọ tipẹ́ wà ní báńkì, kò sì ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́, ni gbogbo èèyàn bá ń pariwo pé ká fi ra ilẹ̀ kó tó di pé kò lè ra nǹkan kan. Ibẹ̀ la wà tí ọmọ ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa tó ń gbé Èkó fi mú ẹ́jẹ́ntì kan wá, ó ní ilẹ̀ wà lápá Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì, ilẹ̀ tó kọjú sí òkun tààrà, kò sí ilé kankan láàárín ẹ̀ àti omi. Iye tó dá lé e kéré gan-an sí ti ilẹ̀ tó wà lódìkejì títì, bẹ́ẹ̀ títì kan náà ni. Inú gbogbo wa dùn sí iye yẹn. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tó fi kéré, a kàn ní Ọlọ́run ló ṣe é, a sì san owó àsansílẹ̀ kí ẹlòmíì má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, jọ́gíráfì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì, ìdí nìyẹn tí Bàbá Alága fi pè mí lẹ́yìn ìpàdé. Wọ́n ní, "Tíṣà, lọ bá wa wo ilẹ̀ yẹn dáadáa kí owó tó kù tó jáde. Mo ń gbọ́ lórí rédíò pé òkun ń ga sí i, pé ìgbì ń ga sí i. Ṣé òótọ́ ni àbí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó? Ìwọ ni kó o sọ fún wa." Àwa ará Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, ò mọ òkun, ká má parọ́. Odò la mọ̀.

Odò yẹn gan-an ni wọ́n fi ń bá mi jiyàn nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ pé ká ṣe sùúrù. Màmá kan tó ń ta gàrí dìde, wọ́n ní, "Ṣé omi yẹn ju ti Lọ́kọ́ja lọ ni? 2012 ó dé, 2022 ó tún dé, kò sí mọ́tò tó lè gba ọ̀nà Abuja kọjá, ẹni tó ní ilé níbẹ̀ ò ṣì padà sínú ilé ẹ̀ ni?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ màmá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o, àmọ́ nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Omi Lọ́kọ́ja, òjò àti omi tí wọ́n ṣí láti inú àwọn dáàmù lókè ló kún un, ó máa ń dé, ó máa ń lọ, tó bá lọ ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹrẹ̀ ló kàn bò ó. Òkun kì í kún kó wá lọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń kó, yanrìn tí ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín ló ń gbé, tó bá ti gbé e lọ kò sí ibì kankan tí ẹ máa padà sí.

Ìbéèrè Bàbá Alága ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, ṣé òótọ́ ni pé ìgbì ń ga sí i?

Bí wọ́n ṣe ń wọn ìgbì rèé. Wọn kì í mú ìgbì kan ṣoṣo, torí kékeré àti ńlá ló ń tẹ̀lé ara wọn, wọ́n á mú ìdá kan nínú mẹ́ta tó ga jù nínú àwọn tó kọjá, wọ́n á wá wá iye àárín wọn, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní gíga ìgbì ọjọ́ náà. Láyé àtijọ́ ojú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń wò ó, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń léfòó lórí omi dé, ṣùgbọ́n láti nǹkan bíi 1985 sátẹ́láìtì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Sátẹ́láìtì yẹn á fi rédà ju àmì rédíò sísàlẹ̀ sórí omi, tí omi bá tẹ́jú, àmì yẹn á padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìgbì bá wà, èyí tó kan orí ìgbì á kọ́kọ́ padà, èyí tó bọ́ sínú kòtò láàárín ìgbì á padà tẹ̀lé e, bí àlàfo yẹn ṣe gùn tó ni wọ́n fi ń mọ bí ìgbì ṣe ga tó. Ní 2019, Ian Young àti Agustinus Ribal ní Yunifásítì Melbourne ní Ọsirélíà kó ohun tí sátẹ́láìtì 31 rí jọ láti 1985 dé 2018, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́rin ìwọ̀n. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìgbì gbogbogbòò kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àwọn tó ga jù, àwọn ìgbì ọjọ́ burúkú, ni wọ́n ń ga sí i, níbi tó sì ti pọ̀ jù, ìyẹn òkun ìsàlẹ̀ gúúsù tó yí ilẹ̀ yìnyín Antarctica ká, wọ́n ti fi nǹkan bíi 30 sẹ̀ńtímítà ga sí i, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún yẹn kan náà ni àjọ IPCC ti àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àgbáyé kọ ọ́ pé ìgbì tó ga jù ń fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà kan ga lọ́dọọdún nísàlẹ̀ yẹn, àti 0.8 sẹ̀ńtímítà ní àríwá Àtìláńtíìkì.

Sẹ̀ńtímítà kan lọ́dún lè má jọ ẹni lójú. Ṣùgbọ́n agbára ìgbì kì í pọ̀ bí gíga ẹ̀ ṣe pọ̀, tí ìgbì bá ga ní ìlọ́po méjì, agbára ẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin, torí náà ìdá márùn-ún lórí gíga á di bíi ìdá mẹ́wàá lórí agbára tó ń kọlu etíkun.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni ti Kalifọ́níà. Kò sí sátẹ́láìtì ní ọdún 1931, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ wà. Tí ìgbì bá ń lu etíkun, ilẹ̀ máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ yẹn mọ̀ ọ́n, ó sì ń fà á sórí ìwé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, lọ́dọọdún. Àwọn tó ń wá ìmìtìtì ilẹ̀ ka gbọ̀n-gbọ̀n yẹn sí ìdíwọ́ lásán. Ọ̀gbẹ́ni Peter Bromirski ní ilé ìwádìí Scripps ló wá kó àwọn ìwé àtijọ́ yẹn jọ, ó ní kí wọ́n sọ wọ́n di nọ́ńbà orí kọ̀ǹpútà, ó sì tinú wọn ka gíga ìgbì láti 1931 wá. Nígbà tó gbé e jáde ní 2023, ó hàn pé ìgbì ìgbà òtútù lọ́hùn-ún ti fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ga láti 1970, ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo ka ibẹ̀ lákàtúnkà. Ìwé tí àwọn kan ń yà sọ́tọ̀ bí ohun tí kò wúlò, ibẹ̀ ni ìtàn òkun wà fún ohun tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ibi tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn pé kí wọ́n má máa da àkọsílẹ̀ nù.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Ìgbì tó ń lu Èkó, Bàdágìrì, Kútọ́nù, Lomé, kì í ṣe afẹ́fẹ́ Èkó ló ń dá èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sílẹ̀. Ìjì ńlá tó ń jà nísàlẹ̀ Àtìláńtíìkì ní gúúsù lọ́hùn-ún ló ń ti í, ó á rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Walter Munk, onímọ̀ òkun kan, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti fi hàn ní 1963 pé ìgbì lè ti apá Antarctica rìn la òkun Pàsífíìkì já dé Alaska, ó ju ẹgbàárùn-ún kìlómítà lọ, wọ́n ṣáà ń tẹ̀ lé e láti erékùṣù dé erékùṣù. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi lè máa ràn ní Èkó, ewé ò mì, kí òkun sì máa bú. Ìgbì tiwa níbí kò ga rárá tí a bá fi wé ti ibòmíì, bíi mítà kan àti díẹ̀ sí mítà kan àbọ̀ ni lọ́pọ̀ ọjọ́, ṣùgbọ́n ó gùn, ìyẹn ni pé àlàfo láàárín ìgbì kan àti èkejì jìn, ìgbì tó sì gùn bẹ́ẹ̀ máa ń gun yanrìn jìnnà ju bí gíga ẹ̀ ṣe jọ lọ. Oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ló máa ń le jù, torí ìgbà yẹn ni òtútù àti ìjì ń jà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ oṣù yẹn ṣe pàtàkì gan-an nínú ọ̀ràn tiwa. Ẹ́jẹ́ntì fẹ́ ká wá wo ilẹ̀ ní oṣù kìíní, ó ní ojú ọjọ́ dáa, ọ̀nà gbẹ, gbogbo àwọn tó ń rà ibẹ̀ ìgbà yẹn ni wọ́n ń wá. Mo ní rárá o, oṣù keje la ń bọ̀. Ó bínú díẹ̀, ó gbà.

Oṣù keje yẹn la lọ lóòótọ́, èmi àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ méjì. Mi ò ní pẹ́ lórí ìrìn àjò. Ohun tí a bá níbẹ̀ ni pé etí ilẹ̀ ti ya wálẹ̀ gbàgìdì, ó ga dé àyà èèyàn, gbòǹgbò igi àgbọn ń gbálẹ̀ níta, àwọn mélòó kan ti dojú dé sínú omi. Níwájú ẹ̀, lórí yanrìn, kànga kan wà. Kànga tí wọ́n fi kọnkéré yí inú ẹ̀ ká, ilẹ̀ tó yí i ká ni òkun ti kó lọ, ló bá ku kọnkéré yẹn nìkan lóòró, ó ga ju mi lọ, ìgbì ń lu ìdí ẹ̀. Ẹnu kànga tí àwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ ti wà lókè orí wa. Bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe sọ fún wa pé àgbàlá ilé bàbá òun ni kànga yẹn wà, pé ilé wà níwájú ẹ̀, ọ̀nà wà níwájú ilé, etí òkun ṣì jìnnà sí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tí a jọ lọ jókòó sílẹ̀ lórí yanrìn, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi padà dé mọ́tò.

Nígbà tí a dé ni mo tún ṣe ti ìwé. Sọ́fè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ní bíkìn mẹ́rin, ìyẹn òpó tí wọ́n fi ń sàmì sí igun ilẹ̀, nọ́ńbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Isanlu kan tó ń ṣe sọ̀fíyọ̀ ní Lọ́kọ́ja ló bá mi yí àwọn nọ́ńbà yẹn padà kí wọ́n lè wọ Google Earth, torí ìlànà Minna tí wọ́n fi ń ṣe sọ́fè ní Nàìjíríà yàtọ̀ sí èyí tí fóònù ń lò, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìyí i, ó máa fi ọ̀pọ̀ mítà ṣì í, ní etíkun sì rèé mítà díẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ àti omi. A gbé àwọn bíkìn náà síbẹ̀, a wá ń fa àwòrán ọdún kọ̀ọ̀kan wá sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ kan tí ọmọ yẹn kọ́ mi nìyí o, kò yẹ kéèyàn máa wo ibi tí omi dé, torí omi ń wọlé ó ń jáde lójúmọ́, àwòrán tí wọ́n yà nígbà tí omi jáde máa tan èèyàn jẹ. Ìlà koríko ni kéèyàn máa wò, ibi tí koríko àti igi ti bẹ̀rẹ̀, torí koríko kì í jáde wọlé. Nínú àwòrán àtijọ́, bíkìn méjèèjì tó wà lápá òkun wà lẹ́yìn igi àgbọn, nínú koríko. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, wọ́n wà lórí yanrìn lásán. Nínú èyí tuntun, ìfófòó funfun ìgbì ló wà lórí wọn, ìlà koríko sì ti sá sẹ́yìn kọjá ìdajì ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún wa. Ìdajì omi la fẹ́ fi owó àwọn àgbàlagbà rà.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ìpàdé, mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, àwọn ìyá àti bàbá tò wá wò ó. Wọ́n pe ẹ́jẹ́ntì lórí fóònù, wọ́n gbé e sí sípíkà. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín, ìgbì ibí yìí, bó ṣe wà nígbà tí wọ́n bí mi náà ló ṣì ṣe wà."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ pọ̀ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Ọkùnrin yẹn ò parọ́. Àwọn onímọ̀ tó wo ìgbì etíkun tiwa láti 1979 dé 2012 kò rí i pé ó ń le sí i bí ti ìsàlẹ̀ gúúsù, kódà yanrìn tí ìgbì ń gbé lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun dín kù díẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìgbì gíga nìkan dẹ́rù ba yín lórí ilẹ̀ Lẹ́kì, kò sọ gbogbo ẹ̀ fún yín. Ìgbì kan náà, gíga kan náà, ó ṣì lè kó ilẹ̀ lọ tí yanrìn tó yẹ kó rọ́pò ò bá wá mọ́.

Ìgbì tiwa kì í kọjú sí ilẹ̀ tààrà, ó máa ń dagun wá láti gúúsù-ìwọ̀ oòrùn, torí náà ó ń ti yanrìn lọ sápá ìlà oòrùn láìdúró, láti Gánà, ó gba Tógò, ó gba Bẹ̀nẹ̀, ó wọ Èkó. Bó bá ti ń kó tibí lọ ló ń kó tọ̀hún wá dípò. Wọ́n wá dí ọ̀nà yanrìn yẹn lọ́nà púpọ̀. Dáàmù Akosombo tí wọ́n parí ní Gánà ní 1965 dá yanrìn odò Volta dúró. Wọ́n kọ́ èbúté Lomé àti Kútọ́nù sínú òkun. Ní Èkó níbí, láti 1908 ni àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọnú omi lẹ́nu ọ̀sà kí ọkọ̀ ojú omi lè máa wọlé, yanrìn wá ń gbá jọ sápá ìwọ̀ oòrùn òkúta yẹn, òkun sì ń jẹ Bar Beach tó wà lápá ìlà oòrùn ẹ̀ títí ó fi ń wọ títì ní Victoria Island. Eko Atlantic tí wọ́n kó yanrìn dí lónìí, ibi tí òkun ti jẹ yẹn ni. Àwọn ará Òkun Alfa tó wà lápá ìlà oòrùn ẹ̀ ti ń ké tipẹ́ pé títì àwọn àti òpó iná ti wọ omi.

Lórí ìyẹn ni omi òkun fúnra ẹ̀ wá ń ga, ó ti fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà mẹ́wàá ga káàkiri ayé láti 1993. Nígbà tí omi bá ti ga, tí yanrìn ti tán, ìgbì kékeré á máa dé ibi tí ìgbì ńlá nìkan ń dé tẹ́lẹ̀. Tí àwọn ńlá ìsàlẹ̀ gúúsù yẹn bá wá rìn dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kan tí omi kún, ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn lè kó ohun tí ọdún púpọ̀ ò kó. Ní oṣù kẹjọ 2012, òkun ya wọ Kuramo Beach ní Victoria Island, ó gbé èèyàn lọ. Ẹ wo Ayétòrò náà, ti Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mò ń wí o, kì í ṣe Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ tiwa, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 tó gbajúmọ̀ nígbà kan, òkun ti gba ilé tó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ṣì ń sá sẹ́yìn ni.

Ẹ́jẹ́ntì gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní ìjọba máa kọ́ ògiri síbẹ̀. Bàbá Alága bi í pé ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ní òun máa fi ránṣẹ́. Kò fi ránṣẹ́ di báyìí. Ká tiẹ̀ ní wọ́n kọ́ ògiri, a ó fẹ́ mọ ẹni tó wà lápá ìlà oòrùn ògiri yẹn, torí ibi tí yanrìn kò bá ti kọjá mọ́ ni ìyà máa ń sún lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé bí olówó kan bá ti dáàbò bo tiẹ̀, ará abúlé tó wà nísàlẹ̀ ló ń fi ilẹ̀ bàbá ẹ̀ san án.

A dìbò. Èyí tó pọ̀ jù ní ká má rà á, àwọn kan bínú jáde, wọ́n ní mo fi ìwé dí ẹgbẹ́ lọ́wọ́, pé iye ilẹ̀ Lẹ́kì máa fò ká tó mọ̀. Mo gbà pé ó lè fò. Màmá tó sọ̀rọ̀ Lọ́kọ́ja ló kọ́kọ́ gbọ́wọ́ sókè pé ká fi í sílẹ̀, lẹ́yìn tí mo fi àwòrán kànga yẹn hàn wọ́n lórí fóònù mi. Wọ́n kàn ní, "Kànga! Ibi tí wọ́n ti ń fa omi mu!"

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí ni pé wọ́n ti dá ìdajì owó àsansílẹ̀ padà fún wa, wọ́n ní ká dúró de ìyókù, lọ́yà ẹgbẹ́ ti kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹgbẹ́ sì ti fẹnu kò pé ilẹ̀ èyíkéyìí tó bá wà létí omi, ìbáà jẹ́ òkun ìbáà jẹ́ odò, a máa gbé bíkìn ẹ̀ sórí àwòrán ọdún púpọ̀ ká tó san kọ́bọ̀, a sì máa lọ wò ó nígbà tí omi ẹ̀ bá le jù. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà l'Ékòó tí ẹ ń bá àwọn òbí wá ilẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà bíkìn ránṣẹ́ wá kí ẹ tó fi fídíò ránṣẹ́.